Okùn Tí Mo Fi Ọ̀dà Fà

Ìyá Dàpọ̀, fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, kí àlá yìí tó kúrò lójú mi. Àwọn onídán tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ló dé sí pápá iléèwé, tàwọn tọ̀bọ tẹṣin wọn, wọ́n ní kí n wá kọ pátákó fún wọn. Mo gbé ọ̀dà mi débẹ̀, mo rí ọmọbìnrin kan tó ń rìn lórí okùn, lókè tó ga ju orí àgbọn lọ. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, kò sí okùn kankan. Ìlà dúdú tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì fà lójú ọ̀run ló ń tẹ̀. Ọwọ́ mi ṣáà gùn débẹ̀. Bí mo bá fà á síwájú, á gbé ẹsẹ̀. Bí mo bá dúró, á dúró.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, torí n kò fa ìlà tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ rí. Àfi bí búrọ́ọ̀ṣì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìdí agolo. O mọ ohun tí a máa ń ṣe bí ọ̀dà bá fẹ́ tán: mo da kẹrosínì sí i kó lè pọ̀. Ni okùn bá tínrín bí irun orí, ó ń yọ̀, ó sì ń kán sílẹ̀. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ọ̀gá ayàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń bọ̀?"

Mo ní, "Mò ń bọ̀. Má wo ilẹ̀."

Mò ń fi ìka nu inú agolo, ó ti gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà lókè nígbà tí o gbá mi léjìká pé ilẹ̀ ti mọ́. Kí ló kán ẹ lójú tó bẹ́ẹ̀?