Fèrèsé Tí Dáfídì Gbẹ́ fún Mi

Ẹni tí ò bá ṣe opó rí ni yóò sọ pé jíjókòó sílé ò le. Ẹ bi èmi Memunat! Bàbá Àlímọ̀t kú, mo jókòó sínú yàrá òkè nílé wa ní Ẹnu Ọwá, mi ò gbọdọ̀ jáde, ará ìta ò sì gbọdọ̀ rí mi.

Àfi bí wòlímọ̀ Àlímọ̀t ọmọ mi ṣe bọ́ sí àárín opó náà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ parí ilé kéwú máa rìn kọjá níwájú ilé wa, wọ́n á dúró, wọ́n á ka Àlùkùránì. Bí mo bá ṣí fèrèsé, gbogbo ayé á rí mi. Bí mo bá tì í, mi ò ní rí ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an.

Hàwáwù, àbúrò ọkọ mi, lọ pe Dáfídì, káfíńtà ará Ìjẹ̀bú. Ó fi ayùn àti irin ẹlẹ́nu mímú gbẹ́ àwọn ihò gbọọrọ tó dagẹ̀rẹ̀ sára igi méjì, ó ki pákó pẹlẹbẹ bọ̀ wọ́n, kí n lè máa wòde láàárín wọn. Wọ́n gbé e kọ́ tán, mo yọjú. Gọ́tà ni mo rí!

"Hàwáwù, bá mi bi í, ṣé inú gọ́tà lọmọ mi máa gbà kọjá ni?"

Dáfídì dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Ẹ má bínú, ìyá. Torí kí òjò má bàa wọlé ni mo ṣe mú kó dagẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Kò lè wọlé wá jókòó síbi tí opó jókòó kó fojú ara ẹ̀ wò ó. Ló bá fi ọ̀pá kan rán Hàwáwù sí mi, pé kí n nà án láti ojú mi sí ibi tí mo fẹ́ wò. Mo nà án sí àárín títì. Hàwáwù fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ọ̀pá náà sára férémù, Dáfídì sì mú igi tuntun, ó gbẹ́ ihò tiẹ̀ bá ìlà náà mu. Mò ń gbọ́ òòlù ẹ̀ nísàlẹ̀, inú mi ń dùn.

Lọ́jọ́ wòlímọ̀, títì hàn kedere. Yàrá ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó rí mi. Àlímọ̀t dé nínú aṣọ funfun, ó gbójú sókè, kò rí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó yá, omijé bọ́ lójú ẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá ẹ̀ ló rántí, mo mọ̀. Àfáà tó kọ́ wọn ń dúró dè é, gbogbo èrò ń wò ó. Mo gbàgbé pé mò ń fara pamọ́, mo pariwo láti ẹ̀yìn fèrèsé:

"Àlímọ̀t! Mò ń wò ẹ́ o! Nu ojú ẹ, kó o máa kà á lọ!"

Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó sì kà á dé ìparí.