Òjò Kánò

“Ìyá Haneefah, mi ò lè kúrò ní Kánò báyìí,” ni Àlàní wí lórí fóònù. “Kùrukùru ọyẹ́ ti bo títì pátá. Èèyàn ò rí ọkọ̀ tó wà níwájú ẹ̀.”

Aqeelah gbé abọ́ ẹ̀gúsí tó ń bó kúrò lórí ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ jọ òtítọ́. Ọkọ̀ akérò ló ń wà lọ sí Òkè Ọya, ọyẹ́ ọdún yìí sì le. Ní Ìwó níhìn-ín gan-an, ètè ń bó, gìgísẹ̀ ń sán. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ohùn Àlàní. Ó fi fóònù mọ́ etí. Òjò ni, ó ń rọ̀ wàràwàrà lórí páànù.

“Bàbá Haneefah, ṣé òjò ló ń rọ̀ níbẹ̀ yẹn?”

“Òjò kẹ̀? Omi ni wọ́n ń fà sínú dúrọ́ọ̀mù. Màá padà pè ọ́.”

Kò pè. Òwúrọ̀ yẹn ni rédíò ti sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí káàkiri orílẹ̀-èdè títí di ọ̀túnla: eruku láti Ṣókótó dé Máídúgùrì, ọyẹ́ àti oòrùn ní ọ̀dọ̀ tiwa, àfi etí òkun nìkan, láti Èkó lọ dé Kàlàbá, ni òjò ti lè rọ̀. Ìyàwó awakọ̀ kì í fojú kéré irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà díẹ̀, Àlàní kì í gba ìpè níṣojú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé fóònù lọ. Èkó ló wà, lọ́dọ̀ obìnrin. Ó dá Aqeelah lójú.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ilé-Ogbó, lọ́dọ̀ Ràhámọ̀tù, ẹ̀gbọ́n Àlàní. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin wo ni ọkọ mi fẹ́ sí Èkó?”

“Ta ló sọ fún ọ pé Èkó ló wà?”

“Òjò ni.”

Ràhámọ̀tù mí kanlẹ̀. “Jókòó. Kò sí obìnrin kankan. Ojú ló ń dà á láàmú. Ọ̀kan ò ríran mọ́, èkejì ti ń ṣú. Ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní bí onímọ́tò bá gbọ́, á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ òun.”

Aqeelah ń wo ẹnu rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò sí irọ́ tí wọn ò lè bá ara wọn pa. Àfi bó ṣe rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àlàní da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, tó ní Haneefah ló sún un. Ọmọ náà ò sì sí nítòsí. Ó tún pe Àlàní lórí fóònù.

“Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni mo wà. Ilé ìwòsàn wo ni?”

Àlàní sọ orúkọ rẹ̀. “Ṣé ò ń bínú?”

“Mò ń bínú. Èèyàn lẹ̀ ń kó sínú ọkọ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹnu dókítà ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ, torí mi ò lè gba tẹnu yín mọ́. Bó bá ní kí ẹ má wakọ̀ mọ́, ẹ ò ní wakọ̀ mọ́.”

Aqeelah ò gé fóònù, ó dúró.

“Mo gbọ́,” ni Àlàní wí nígbẹ̀yìn.

Ó bẹ Ràhámọ̀tù kó bá òun mú Haneefah sọ́dọ̀, ó sì jáde lọ wá ọkọ̀ padà sí Ìwó, kó lè lọ di ẹrù.