Omi Kò Wá Bá Wọn Nílé

Ẹkún kò tíì tán nílé Barnabé ní Odomẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà fi di orin lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Kétu. Wọ́n ní ìfẹ́ ló pa Clémence. Wọ́n ní òbí tó bá fi ẹ̀sìn dínà mọ́ ọmọ, odò ni yóò gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọbìnrin tó ń ti oko bọ̀ ni Àbẹ̀bí ti gbọ́ orin náà, ó sì tutọ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ wo? Ìfẹ́ ló ní kí ẹni tí kò mọ àjẹ̀ dì mú lọ wọ ọkọ̀ ojú omi?

Àbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n Barnabé, baba ọmọ tó kú. Òun kò ṣe ìrìbọmi, kò sì ní in lọ́kàn. Barnabé ló bá àwọn Àgùdà lọ láti kékeré, tó wá ń sọ àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí ahọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè gbé. Kèlémáàsì ni Àbẹ̀bí ń pe ọmọ náà, ọmọ náà a rẹ́rìn-ín, a sì jẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ló dàgbà sí látìgbà tí ìyá tó bí i ti kú. Obìnrin tó ní oko tirẹ̀ ni Àbẹ̀bí, àgbàdo àti ẹ̀gúsí ló ń gbìn. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ẹnu rẹ̀ sì le ju ọwọ́ lọ. Bí nǹkan kan bá wà láyé yìí tí kò lè fara dà, òmùgọ̀ tó ṣe tinú rẹ̀ tán, tó wá ń wá ẹni tí yóò bá a ru ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Sìdíkù lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ràmọ́nù, ń ta aṣọ ní Kétu. Ìdílé mùsùlùmí tó ti Àjàṣẹ́ wá ni wọ́n. Ọmọ náà rẹwà, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Gẹ̀rẹ̀ ló ń dé fìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ dé ibi pé obìnrin tó wá ra òwú ìránṣọ lásán a máa gbé odindi aṣọ lọ sílé. Níbi aṣọ náà ló ti rí Clémence. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Àbẹ̀bí kò sẹ́ ìyẹn rí. Òun ló kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ìkòkò lórí iná.

Ẹ̀sìn dí wọn lọ́wọ́ lóòótọ́. Barnabé fárígá, ó ní ọmọ òun kò ní wọ ilé onímàle. Ràmọ́nù náà yarí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó ti Barnabé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ebè títí àgbàdo fi yọ irùngbọ̀n? Àbẹ̀bí ni. Ó rán an létí pé ìyá tó bí àwọn méjèèjì kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ mọ́sálásí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò tọ́ wọn ire. Ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá Ràmọ́nù ní Kétu, ó sì bá a sọ ọ́ títí ọkùnrin náà fi ní kí òjò sáà dáwọ́ dúró, òun yóò kó àwọn àgbà lẹ́yìn wá tọrọ ọmọ. Barnabé gbà. Ọ̀rọ̀ parí. Sùúrù nìkan ló kù, Àbẹ̀bí sì sọ ọ́ fún Clémence lójúkojú, ó ní kó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àárín ìgbà yẹn ni Firmin dé. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Dahomey ni, gbogbo abúlé ló sì ń fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Olùkọ́ ni Firmin, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Pọ́bẹ̀ wá bá Barnabé sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ekólì sí. Wọ́n gún iyán fún un. Clémence kúnlẹ̀, ó gbé omi fún àlejò. Sìdíkù ń bọ̀ wá kí ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ yẹn. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó rí ẹ̀wù funfun, ó rí kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri, ó rí Clémence lórí ìkúnlẹ̀. Kò wọlé, kò sì bèèrè. Ọkùnrin tó lè bá oníbàárà ná ọjà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kanrí, òun ni kò ní sùúrù àtibèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó yí padà sí Kétu, ó ti fi Clémence fún Firmin nínú ọkàn ara rẹ̀, ó ti ṣe ìgbéyàwó náà parí fún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Clémence níbi ìkùdù tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi. Agathe, ọ̀rẹ́ Clémence, wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni Àbẹ̀bí ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà tó yá. Clémence sọ òtítọ́ fún un. Ó ní ilẹ̀ ekólì ni olùkọ́ náà bá wá, ó ní bàbá òun ti gbà, ó ní bí òjò bá ti dá, ó parí. Sìdíkù ní wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tan òun ni, wọ́n fẹ́ kí òun jókòó kalẹ̀ títí wọn yóò fi gbé Clémence lọ Pọ́bẹ̀. Ó ní bó bá fẹ́ràn òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí àwọn máa lọ. Wọn yóò gba Adakplamẹ̀, wọn yóò sọdá odò Wẹ̀mẹ̀, wọn yóò wọ reluwé ní ìhà kejì, ó di Kútọnu.

Clémence wò ó. Agathe ní kò pẹ́ rárá tó fi wò ó. Ó sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, ìkòkò tó ti pọn kún, ó sì tẹ̀ lé e. Lórí ilẹ̀ Kétu, níbi tí obìnrin ti ń ṣáájú àkùkọ jí nítorí omi, ó fi omi tó ti pọn sílẹ̀ létí ìkùdù bí ẹni fi èèpo iṣu sílẹ̀.

Sìdíkù nìkan ló padà wálé. Aṣọ ẹlòmíràn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ dojú dé láàárín odò. Àwọn apẹja ti rí òkú ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ti sin ín sí etí omi, nítorí òkú odò kì í dúró de ará ilé. Barnabé kò rí ojú ọmọ rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Sìdíkù ti jókòó sí iwájú ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n tí kò fá, ló bá ń ròyìn. Ẹ̀rù àwọn òbí ló lé àwọn kúrò nílé. Atukọ̀ ló gbé àwọn wọ omi burúkú. Kádàrá ni. Àlùfáà Àgùdà ní bí Ọlọ́run ti fẹ́ ẹ ni, àlùfáà ìmàle náà ní a kì í bá àkọsílẹ̀ Ọlọ́run jà. Àwọn ọmọbìnrin ń gbé oúnjẹ wá fún un, wọ́n ń nu omijé nù. Àbẹ̀bí gba iwájú ilé náà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó sì rí i pé ìbànújẹ́ ti ń dùn mọ́ ọmọ náà. Ó gbé ìbànújẹ́ náà wọ̀ bí ẹni wọ ẹ̀wù tuntun.

Ló bá gbéra, ó ní òun ń lọ wo ibi tí wọ́n sin ọmọ òun sí.

Ó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé Adakplamẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àgbà tó dà yìí, kò rí odò ńlá rí láyé rẹ̀. Odò náà pọ́n bí ẹrẹ̀, ó fẹ̀, ó ń gbé odindi igi lọ láìpariwo. Àbẹ̀bí dúró, ó ń wò ó. Ẹni tó bá rí nǹkan yìí tó sì tún wọ inú rẹ̀, kí ló ń wá?

Désiré ni orúkọ atukọ̀ náà. Kò gbọ́ èdè Nàgó dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ Adakplamẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, òun ló ṣàlàyé. Ó ní ọkọ òun kọ̀ láti gbé wọn, pé omi ń ti òkè bọ̀, kí wọ́n sùn sọ́dọ̀ àwọn, kó dọ̀la. Ọmọkùnrin náà bú u, ó pè é ní ojo. Ọkọ òun kò dá a lóhùn, ó lọ kó àwọ̀n rẹ̀ kúrò lójú omi. Ni ọmọkùnrin náà bá kó sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i tí ọkọ̀ ń mì, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sórí iyanrìn.

Obìnrin náà sún mọ́ Àbẹ̀bí.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Ọmọbìnrin yẹn ló tú okùn ọkọ̀."

Ó ní ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tú u, ó ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ojú ti ọmọkùnrin náà, ló bá wọlé. Òun pariwo, wọn kò wẹ̀yìn. Wọn kò tíì dé àárín tí omi fi gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè. Ọmọkùnrin náà rí igi dì mú, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ yọ ọ́. Clémence kò rí nǹkan kan dì mú.

Àbẹ̀bí jókòó ti òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n sin ọmọ náà sí títí oòrùn fi yẹ̀. Ẹkún kò wá. Inú ló ń bí i, kì í sì ṣe sí Sìdíkù nìkan mọ́. Ọmọ tó tọ́, tó là lóye, tó sọ fún pé ó kù díẹ̀, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn, tó tún ń fi ẹni tí ẹ̀rù tọ́ sí ṣẹ̀sín. Lójú ọ̀nà ilé, ó rò ó pé òun yóò fi ìyẹn sílẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Kí ẹ̀bi máa jẹ́ ti Sìdíkù, ó kúkú yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé Adakplamẹ̀, ó rí i pé ohun tí Sìdíkù ń ṣe níwájú ilé bàbá rẹ̀ lòun náà fẹ́ ṣe yẹn, ìtìjú sì mú un.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ràmọ́nù pe ìdílé méjèèjì jọ kí ìjà má baà dé. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀. Sìdíkù dìde, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí epo. Ó bẹ àwọn bàbá pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ náà bá ara wọn jà, ó ní òun ti dárí ji gbogbo àwọn tó dí àwọn lọ́nà, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, omi ló gbé Clémence lọ. Àwọn àgbà ń mi orí. Ẹnìkan tilẹ̀ ń nu ojú.

Àbẹ̀bí kò dìde níbi tó jókòó sí.

"Sìdíkù," ó ní, "omi kò wá bá yín nílé."

Ó tọ́ka sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Orí òkè la wà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ rí odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò fi rìn lọ bá a. Atukọ̀ ní kí ẹ dúró, o bú u. Èmi ní kí ẹ dúró, o ní irọ́ ni mò ń pa. Bàbá rẹ nìyí, bi í bóyá kò gbà. O wá jókòó síbí, ò ń dárí jì wá."

Sìdíkù wo bàbá rẹ̀. Ràmọ́nù ń wo ilẹ̀.

"Ìyá, mo fẹ́ràn rẹ̀," ni Sìdíkù sọ.

"Mo mọ̀. Ìyẹn ló sì fi yẹ kí o bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó bínú."

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó kù, èyí tó fẹ́ fi pamọ́. Ó ní ọmọ òun ló tú okùn, tẹ̀ríntẹ̀rín, pé kò sẹ́ni tó fà á, kò sẹ́ni tó tì í. Ó ní òmùgọ̀ méjì ló wọ ọkọ̀ náà, òun kò ní sọ ọ̀kan di ẹni mímọ́ nítorí pé òun ló kú. Barnabé dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ.

 Kí òjò mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, bàbá Sìdíkù rán an lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Àjàṣẹ́. Ìròyìn dé pé ó ti fẹ́ ìyàwó, ó ń ta aṣọ, ó ṣì ń sọ ìtàn náà fún àwọn oníbàárà bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kádàrá, atukọ̀, òbí tó le bí òkúta. Wọ́n ní ọjà rẹ̀ ń tà. Àbẹ̀bí kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Aláṣọ kò ní ṣàì ta aṣọ.

Barnabé kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kórè. Ọjọ́ kan ló yọ sí i lóko níbi tó ti ń yìn àgbàdo, ó kí i, ó jókòó, ó sì mú ṣúkù kan nílẹ̀, òun náà ń yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òun ló tú u lóòótọ́?"

"Òun ni."

Barnabé yìn ṣúkù náà tán, ó mú òmíràn. Ó ní nígbà tí ọmọ yẹn wà ní kékeré, kò sí ewúrẹ́ tí òun so tí kì í tú sílẹ̀. Òun nà án lọ́jọ́ kan. Ọmọ náà ní ewúrẹ́ náà ń sunkún ni.

Ọ̀rọ̀ líle kan wá sí Àbẹ̀bí lẹ́nu, pé ewúrẹ́ tó jàjàbọ́ a máa mọ ọ̀nà ilé. Ó gbé e mì. Èjìká Barnabé ń gbọ̀n, Àbẹ̀bí kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ó fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n sún mọ́ ọn, kó lè máa da ọmọ àgbàdo tirẹ̀ sí i.