Omi Inú Ike Ọṣẹ

Keidy já ọṣẹ náà gbà lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́yìn agbada omi onísìmẹ́ǹtì.

"Màmá, mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó! Ọṣẹ tí gbogbo ilé fi ń wẹ̀, tí Nahún ọkọ mi fi ń fọ ẹrẹ̀ adágún tí wọ́n ti ń sin edé kúrò lẹ́sẹ̀, òun lẹ fẹ́ fi fọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ mi?"

"Ọṣẹ a máa fọ ara rẹ̀, ìyàwó mi," ni Eduviges fèsì. "Òun náà ni mo fi wẹ ọkọ rẹ dàgbà."

"Ayé ìgbà yẹn kọ́ la wà yìí. Ọṣẹ olómi ń bẹ nínú ike. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi fọwọ́. Àbí ó ṣòro ni?"

Eduviges kò jiyàn mọ́. Oṣù Dariel, ọmọ náà, kò pé kí wọ́n tó bí i. Bí ọmọ ẹyẹlé ló rí lọ́wọ́ ẹni. Ìyá àgbà tẹ ike, ó fọwọ́, ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́yà.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ìdí ìwọ́ ọmọ ti pọ́n, ó ń ṣọyún. Ara rẹ̀ gbóná janjan. Nígbà tí kò lè fa ọmú mọ́, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú Choluteca. Nọ́ọ̀sì kan, Suyapa, ní kí wọ́n kó ohun tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ àti èyí tí wọ́n fi ń fọwọ́ wá kí àwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nahún kó méjèèjì wá, ọṣẹ líle àti ọṣẹ olómi.

Dariel kú kí èsì tó jáde.

Lójú gbogbo àwọn tó wá bá wọn gbàdúrà nílé, Keidy nawọ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ọṣẹ wọn ló pa á! Mo kìlọ̀ kìlọ̀, wọn ò gbọ́!" Kò sẹ́ni tó pa á lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀ ni Nahún ń wò.

Eduviges ló padà lọ gbọ́ èsì.

"Ìyá, ọṣẹ líle yẹn ò ṣe nǹkan kan," ni Suyapa rọra wí. "Inú ọṣẹ olómi la ti bá kòkòrò àrùn. Ọṣẹ yẹn gan-an ò burú, ẹnì kan ló bomi là á. Omi agbada tó bá pẹ́ nínú ike, kòkòrò á sọ ibẹ̀ dilé. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé ò lè bá a jà. Ta ló bomi sí i?"

Eduviges mọ̀. Ó ti rí Keidy létí agbada nígbà tí ọṣẹ ń tán lọ, tó ń bu omi sínú ike, tó ń mì í, tó ń kọrin fún ọmọ tó sùn sí apá rẹ̀.

"A ó da ike náà nù," ló kàn sọ.

Nígbà tó délé, Nahún àti Keidy jókòó ti ẹ̀wà àti tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Nahún bèèrè.

Eduviges wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí wàrà ṣì ń rin aṣọ rẹ̀ láyà. Bí òun bá dákẹ́, wọ́n á tún bomi la ọṣẹ fún ọmọ mìíràn lọ́jọ́ kan. Bí òun bá sì sọ gbogbo rẹ̀, ọmọbìnrin yìí ò ní là á já.

"Omi tí wọ́n bù mọ́ ọṣẹ olómi ló fa àrùn. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ mọ́ láé." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Èmi ni mo bu omi sí i."

Nahún dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ̀yin kẹ̀?" Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Rosenda. Mi ò lè máa wo ojú yín nínú ilé yìí."

Keidy gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti rí bí eérú. "Nahún, kì í ṣe..."

"Dákẹ́, ọmọ mi," ni Eduviges wí. "Mo ti sọ ọ́ tán."

Keidy sorí kọ́.

Láàárọ̀, òun ló bá ìyá ọkọ rẹ̀ gbé àpò dé ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, Keidy ò fi àpò sílẹ̀.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé..."

"Mo mọ̀." Eduviges rọra gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. "Bó o bá délé, fún ọmú yẹn dànù, kó má baà dì."

Ó wọ bọ́ọ̀sì.