Ọlọ́jà Ejò Tó Mọ Èèyàn Án Kí

Láti ọjọ́ tí akunlé kan ti já bọ́ lórí àkàbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ilé ìfọṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ló ń lọ̀. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, oúnjẹ tó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ á ṣì wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ á sì kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ akunlé mìíràn wò.

Ìgbà tó rí fídíò ejò kan lórí fóònù ló tó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Ejò ò lọ́wọ́, ejò ò lẹ́sẹ̀, ó ń gun igi. Irú èmi nìyí."

"Irú ta ni? Ìwọ tí o kọ̀ láti gbé ṣíbí, igi wo lo fẹ́ gùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ra ejò. Obìnrin tó ń sá fún aláǹgbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ erè kiri orí ẹ̀rọ ayélujára. Ó ní bó bá jẹ́ ejò ni yóò fa àbúrò òun padà sáàárín alààyè, ejò náà yóò wọlé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè jẹ́ obìnrin kan tó ń sin erè nínú ilé. Wọn ò tíì kí ara wọn tán tí ẹni yẹn fi bẹ̀rẹ̀: báwo ni àpótí yín ṣe tóbi tó? Kí lẹ fẹ́ máa fi mú un móoru? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ó fi fídíò ìyá ejò ránṣẹ́ àti ti ọmọ rẹ̀ kan tó ń gbé eku mì. Ó wá ní, "Èyí tó kù yìí ò tíì máa jẹun dáadáa, mi ò lè tà á bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní oṣù kan. Ẹ sì lè wá fojú ara yín rí i."

Nílé ìfọṣọ, ẹ̀gbọ́n ń fi ìbínú lọ ṣẹ́ẹ̀tì. "Ejò ni mo fẹ́ rà o, ó ń wádìí ìdílé mi! Ṣé ìyàwó ni mo wá tọrọ ni?"

"Kò ní pẹ́ bi ọ́ ní oríkì," ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn.

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kọjá ẹ̀rín: oṣù kan jìnnà sí ẹni tó ti pa oúnjẹ tì.

Ọlọ́jà kejì mọ èèyàn án kí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ọlọ́run á gbé wọn dìde." Kò béèrè nǹkan kan àfi ibi tí òun yóò gbé ejò wá. Nílé tí wọ́n ti tọ́ obìnrin yìí, ìkíni ni wọ́n fi ń dá ọmọ gidi mọ̀. Kí ọmọdé máa da ìbéèrè bo àgbà, àfojúdi ni. Òun náà kò béèrè nǹkan kan.

Inú páálí bàtà ni ejò bá dé. Akunlé gbé e kọ́ ọrùn. "Ó tutù," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ti ń móoru bọ̀." Lọ́jọ́ náà, ó jẹun, ó tún tọrọ sí i. Ó ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí ti òun lẹ́yìn, ó jókòó, ó gé pákó, ó kan àpótí onígíláàsì, ó sì kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ òórùn ọ̀dà bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn oúnjẹ.

Ejò ni kò jẹun. Ó ń rìn kọjá lórí ọmọ eku tí wọ́n gbé fún un bí ẹni pé òkúta ni. Akunlé rí eégbọn láàárín ìpẹ́ rẹ̀, ó ń já a kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ejò gbé orí sókè, ó la ẹnu, èémí rẹ̀ sì ń súfèé. Ẹ̀gbọ́n pe ọlọ́jà tó mọ èèyàn án kí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ó gbé ìtìjú mì, ó pe obìnrin oníbéèrè, ó sì fi fídíò ránṣẹ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò bí eléyìí sílé. Inú igbó ni wọ́n ti mú un. Ẹ wo imú rẹ̀ tó bó, ara wáyà àhámọ́ ló ti ń forí gbá. Ó jọ pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti kún. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko báyìí."

"Ṣé yóò yè?"

"Ẹ ṣáà gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n omi ti pọ̀ ju ọkà lọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló kú, lọ́wọ́ akunlé. Ó ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lára kí ó lè móoru.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ rà á, ṣé ó ń jẹun?"

Ì bá parọ́. "Mi ò bi í."

"Ẹ ò bi í."

"Ó kí mi dáadáa ni. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo rò pé o ò ní lè dúró."

Akunlé wo ojú rẹ̀ títí. Ó wá na ejò náà sí i. "Ẹ bá mi sin ín. Èmi ò lè dé ibẹ̀."

Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé yàrá akunlé, ni ẹ̀gbọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Kò tíì gbẹ́ ẹ jìn tí ó fi gbọ́ ẹkún láti inú yàrá. Nígbà tí dókítà ọsibítù ní kò ní rìn mọ́, akunlé kò sunkún. Nígbà tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kó ẹrù lọ, kò sunkún. Ó wá ń sunkún báyìí bí ọmọdé, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n rọra gbé ọkọ́ sílẹ̀ kí ó má baà kan òkúta, kí àbúrò rẹ̀ má baà mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́. Ó lóṣòó ti ihò kékeré náà, ó ń dúró dè é kí ó sunkún tẹ́rùn.