Ta Ló Ń Ti Ojú Òpó Ṣọ́ọ̀ṣì Wa?

Èmi Kànmí ni mò ń tọ́jú ojú òpó ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa ní Tremont, lókè òkun níbí. Ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣe é, nítorí náà mi ò fẹ́ wàhálà rárá. Lọ́sẹ̀ tí Bùọ̀dá Olúsànmí, akọrin wa, kú, gbogbo rẹ̀ ṣàdédé kọ̀. Ẹni tó bá ṣí i, "Forbidden" ni yóò rí, bí ẹni pé ilé Ọlọ́run ti di èèwọ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi tí mo wọ̀ ní èbúté St. George lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti wọ sáfà Linux wa, kọ̀ǹpútà tó gbé ojú òpó náà ró, láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ètò ojú òpó náà kò ní àbùkù. Fódà tí àwọn ojú ìwé wà nínú rẹ̀ ni ẹnì kan tì, débi pé sáfà fúnra rẹ̀ kò lè kà wọ́n. Mo ṣí i. Kí n tó dé ibi iṣẹ́, wọ́n ti tún tì í. Mo ṣí i, wọ́n tì í. Inú bí mi gan-an, mo ní olè ti wọlé.

Nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ sáfà, orúkọ Bùọ̀dá Olúrótìmí ni mo bá níbẹ̀, ọ̀gá akọrin wa, ẹ̀gbọ́n olóògbé gan-an. Wọ́n láṣẹ láti wọlé, nítorí àwọn ló ń gbé orin síbẹ̀.

Mo gba ilé wọn lọ. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n sì ṣàlàyé. Màmá wọn ní Iléṣà ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọn kò sì tíì gbọ́ ikú ọmọ wọn. Àwọn àgbà ìdílé ló yẹ kó lọ bá wọn jókòó, kí wọ́n tú ọ̀fọ̀ náà fún wọn ní pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pé jọ. Màmá sì máa ń ṣí ojú òpó wa láti gbọ́ orin àti láti ka ìkéde, níbi tí mo gbé ìkéde ìsìnkú sí pẹ̀lú fọ́tò.

"Kànmí, ìyá kì í ka ikú ọmọ rẹ̀ lórí website," ni wọ́n wí. "Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe náà ni mo ṣe."

Ìbínú mi rọ̀. Mo ṣí gbogbo rẹ̀ padà, mo kó ojú ìwé ìkéde sí fódà tirẹ̀, mo sì tún ètò ṣe kó máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn password, lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀. A fi ọ̀rọ̀ aṣínà náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọ. Iṣẹ́ náà mọ́, mo sì ń yin ara mi.

Mo ṣì ń jẹun lọ́dọ̀ wọn nígbà tí Màmá pè lórí fídíò. Ohùn wọn balẹ̀. Wọ́n ní àwọn tẹ ìkéde, ó sì ń béèrè password.

"Rótìmí, láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìkéde yín, kò bi mí ní nǹkan rí. Sànmí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kọjá kó má pè mí. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Ó ti kú, àbí?"

Bùọ̀dá fọwọ́ bojú, wọ́n sì bú sẹ́kún. Ojú tì mí fún iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ ń yin ara mi.

Omi ń bọ́ lójú Màmá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọmọ wọn tó kù ni wọ́n ń wò.

"Ó ti tó," ni wọ́n wí. "Ṣé ìwọ nìkan lo ti ń dá sunkún rẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Jẹ́ ká jọ sunkún rẹ̀."