Ọmọ Tí Kì Í Wo Ojú Coach

Láti ìgbà tí ìyàwó mi, Rẹ̀mílẹ́kún, ti kú ní oṣù kọkànlá, èmi ni mo ń lọ wo baseball, eré bọ́ọ̀lù onígi, dípò rẹ̀. Eré náà kò yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Dàpọ̀, àbíkẹ́yìn wa, mọ eré sá, àti pé Coach Petrie ti ń kọ́ wọn ní college wọn kí a tó bí i. Ife tí wọ́n ti gbà lábẹ́ rẹ̀ kò gba inú àpótí onígíláàsì mọ́.

Ní Thursday, Coach pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àṣekágbá ìdíje ku ọ̀tunla.

"Mr. Akínbámi, kò sẹ́ni tó yára tó ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi ń sọ ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe, bàtà mi ló sì máa ń wò. Ní Saturday, orí bẹ́ńṣì ni yóò wà."

Mo mọ ohun tó fà á. Ọmọ tí Rẹ̀mílẹ́kún tọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbàlagbà.

Nígbà tí a délé ní Whitehorn, mo pè é.

"Ọládàpọ̀, wo ojú mi."

Ó wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ibẹ̀ ni mo fi ojú mi sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Daddy, I can't. Ó dà bíi pé mò ń rí yín fín. Mummy ní mi ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀."

Kò wù mí kí n wó ohun tí obìnrin náà ti kọ́.

"Tí a bá lọ sílé ẹni, tí wọ́n gbé ẹran síwájú rẹ, ta lo kọ́kọ́ máa ń wò?"

"Mummy."

"Kí ló máa ń sọ?"

"Nothing o! Wọ́n á kàn wò mí báyìí." Ó la ojú bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. "That means, fọwọ́ kan ẹran yẹn, ká jọ pàdé nílé."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"O wá ń wò ó, àbí o kì í wò ó?"

"Ta ló tó má wò ó?"

"Ìyẹn kì í ṣe àrífín. Iṣẹ́ ló ń fi ojú rán ọ. Coach náà, iṣẹ́ ló ń rán ọ. Lọ pè é, kí o sọ fún un pé wàá máa wò ó." Ó sì pè é.

Ní Okotoks, níbi tí wọ́n ti ṣe àṣekágbá náà lọ́jọ́ Saturday, orí bẹ́ńṣì náà ló wà títí eré fi fẹ́ parí. Ọ̀mì ni. Nígbà tí ẹnì kan nínú àwọn tiwa fi ẹsẹ̀ rọ́ ní base kẹta, ibi ìdúró tó kángun sí home, Coach fi Dàpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti sáré dé home, níbi tí wọ́n ti ń gba àmì, a ti borí nìyẹn.

Coach fọwọ́ kan fìlà, ó fa etí, ó nu apá. Dàpọ̀ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé abọ́ ẹran ló wà níwájú òun. Bí alátakò ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, ọmọ mi ti gbéra. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàn fi igi gbá bọ́ọ̀lù náà jẹ́ẹ́jẹ́, ó bọ́ sílẹ̀ nítòsí. Kí wọ́n tó he é, Dàpọ̀ ti fi àyà wọ́ dé home.

Ariwo sọ. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ohùn ara mi ni mo gbọ́: "Rẹ̀mílẹ́kún, wá wo ọmọ rẹ!"

Yẹ̀pẹ̀ bo Dàpọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní kó gbọn ara rẹ̀ dáadáa kó tó wọ mọ́tò mi.

"Yes, sir," ló wí, ó sì dì mọ́ mi tòun ti yẹ̀pẹ̀ náà. N kò tì í kúrò.